Ìwé Tí A Kò Kà Kò Pa Gbèsè Rẹ́

   

Ọ̀rọ̀ gbèsè ni a fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe gbèsè iṣu, kì í sì í ṣe gbèsè aṣọ. Gbèsè ilé ẹ̀kọ́ ni, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ lè wí pé: "Amẹ́ríkà jìnnà. Kí ni ó kàn wá níbẹ̀?" Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan ní abúlé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà, ó sì lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ àti ọmọ Tógò ni ó ti gba ọ̀nà yẹn lọ. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà yẹn débẹ̀, wọn a fún un ní ìwé ìgbélùú. Ìwé ìgbélùú yẹn sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti yá owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọba bí ọmọ onílẹ̀. Ọmọ yìí ṣiṣẹ́, ó fi owó ránṣẹ́ sílé. Lẹ́yìn náà ó yá owó, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Nígbà tí ó di ọdún 2025, ìpè rẹ̀ dín kù. Bí ìyá bá pè é, kò gbé e. Ní ọjọ́ kan ó gbé e, ó ní: "Ìyá, ẹ má bínú. Ìjọba fẹ́ máa mú nínú owó oṣù mi. Mo jẹ gbèsè ilé ẹ̀kọ́."

Ìyá bú sẹ́kún. Ó ní: "Ṣé wọn ó tì ọ́ mọ́lé ni? Ṣé wọn ó wá gba ilẹ̀ bàbá rẹ?"

Ọmọ ní òun kò mọ̀. Ìwé mẹ́ta wà lórí tábìlì rẹ̀. Kò tíì ṣí ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀rù ń bà á.

Ẹ̀yin ará, nítorí irú ìyá bẹ́ẹ̀ àti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí gbèsè náà jẹ́, bí ìjọba ṣe ń gbà á, àti ohun tí ẹni tí ó jẹ ẹ́ lè ṣe.

Báwo ni owó náà ṣe bẹ̀rẹ̀?

Owó ilé ẹ̀kọ́ gíga pọ̀ púpọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọmọ tálákà kò lè dá a san. Ní ọdún 1958, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin láti máa yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ní ọdún 1965, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin mìíràn tí ó mú kí ètò náà gbòòrò. Inú ilé ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti kàwé ní Texas ni ó ti fọwọ́ sí i. Èrò rẹ̀ dára: kí àìlówó má ṣe dí ọmọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ẹ̀kọ́.

Púpọ̀ nínú owó yìí, ìjọba kì í bèèrè onígbọ̀wọ́ kí ó tó yá akẹ́kọ̀ọ́. Kì í bèèrè ilẹ̀, kì í bèèrè ilé. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ fi dúró? Ìfọwọ́sí rẹ̀ ni. Ìwé àdéhùn kan wà tí ó máa fọwọ́ sí. Ìwé kan ṣoṣo yẹn lè ṣiṣẹ́ fún ọdún 10. Ìyẹn ni pé, ó lè fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì yá owó lọ́dún yìí, kí ó tún yá a lọ́dún tí ń bọ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìwé kan náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 18 ni ó fọwọ́ sí i láìka á dé ìdí.

Owó náà ní èlé. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí èlé jẹ́. Láyé àwọn bàbá wa, bí ènìyàn bá yá owó, ó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ọmọ náà yóò máa ro oko olówó. Ó lè ro ó fún ọdún márùn-ún, fún ọdún mẹ́wàá. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò dín owó náà kù. Èlé ni iṣẹ́ náà dúró fún. Owó gan-an wà níbẹ̀ bí ó ti wà, títí ẹnìkan yóò fi ko ó wá san.

Gbèsè ilé ẹ̀kọ́ náà lè rí bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá san díẹ̀, èlé ni owó náà kọ́kọ́ ń lọ bá. Bí ohun tí ó san kò bá ju èlé lọ, owó tí ó yá kò dín kù. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi san gbèsè fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n wo ìwé, tí wọ́n sì rí i pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí ó yí padà.

Nígbà wo ni a ń sọ pé ènìyàn da àdéhùn?

Bí oṣù kan bá kọjá tí kò san, ó ti pẹ́. Bí ó bá di 90 ọjọ́, wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí àwọn báǹkì àti àwọn onílé máa ń wò. Láti ìgbà náà lọ, bí ó bá fẹ́ yá owó ra mọ́tò, tàbí bí ó bá fẹ́ háyà ilé, ọ̀rọ̀ lè di líle fún un. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje.

Bí ó bá di 270 ọjọ́ tí kò san, òfin kà á sí ẹni tí ó da àdéhùn. Nígbà náà, ìjọba kò ní sọ pé kí ó máa san díẹ̀díẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Gbogbo gbèsè náà ni ó di sísan lẹ́ẹ̀kan náà.

Báwo ni ìjọba ṣe ń gbà á?

Ẹ rántí òṣómàáló. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú ni a fi ń pe orúkọ yẹn. Bí ọjọ́ owó bá pé, òṣómàáló yóò wá sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè. Yóò ló òṣó síbẹ̀. Kò ní jókòó, kò ní lọ, títí yóò fi gba owó rẹ̀. Ajigbèsè lè gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ sóko.

Ìjọba Amẹ́ríkà kì í wá ló òṣó sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Kò nílò rẹ̀. Ibi tí owó ti ń sun ni ó ń lọ.

Ọ̀nà kìíní: ó lè kọ̀wé sí agbanisíṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ yóò yọ owó náà kí owó oṣù tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Nínú 100 dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ó kù lẹ́yìn owó orí, wọ́n lè mú tó dọ́là 15. Bí ó bá jẹ́ dọ́là 2,000 ni ó kù fún ènìyàn lóṣù, wọ́n lè mú tó dọ́là 300 nínú rẹ̀. Ìjọba kò sì nílò láti kọ́kọ́ pè é lẹ́jọ́ ní kóòtù kí ó tó ṣe èyí.

Ọ̀nà kejì: owó orí. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba máa ń gba owó orí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ bí oṣù ti ń lọ. Bí ọdún bá pé, tí wọ́n bá rí i pé wọ́n gbà ju bí ó ti yẹ lọ, wọn a dá èyí tí ó lé padà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń fi owó yẹn san owó ilé tàbí kí wọ́n fi ra aṣọ ọmọ. Bí ènìyàn bá ti da àdéhùn gbèsè ilé ẹ̀kọ́, ìjọba lè dá gbogbo owó yẹn dúró, kí ó fi san gbèsè.

Ohun mìíràn wà. Ọ̀pọ̀ gbèsè ni òfin fún ní ọjọ́ orí: bí ọdún kan báyìí bá kọjá, olówó kò lè pe ẹjọ́ rẹ̀ mọ́. Gbèsè ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà yáni kò ní ọjọ́ orí. Láti ọdún 1991 ni òfin ti mú ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò. Ogún ọdún ń bọ̀ wá di ọ̀la. Ẹni tí ó bá wí pé òun yóò sá fún un títí yóò fi gbàgbé òun, irọ́ ni ó ń pa fún ara rẹ̀.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ láti ọdún 2020?

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà àrùn Kòfíìdì, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí gbogbo ènìyàn sinmi gbèsè náà. Wọn kò gba owó, wọn kò ka èlé. Ìsinmi náà kọjá ọdún mẹ́ta.

Ní ọdún 2022, Ààrẹ Joe Biden kéde pé òun yóò pa gbèsè rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, tó dọ́là 10,000 fún ẹnìkan, àti tó dọ́là 20,000 fún àwọn kan tí ó wá láti ilé tálákà. Ọ̀pọ̀ jó, ọ̀pọ̀ yọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ níbẹ̀ dájọ́ pé ààrẹ kò ní agbára láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, sísan gbèsè padà bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ kò bẹ̀rẹ̀ sí san. Àwọn kan ti kó kúrò nílé tí ìwé ń dé sí. Àwọn kan kò ní iṣẹ́. Àwọn kan rò pé a ti pa gbèsè náà rẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjọba kéde pé ènìyàn tó mílíọ̀nù 42 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni ó jẹ gbèsè yìí, pé àpapọ̀ rẹ̀ ju bílíọ̀nù 1,600 dọ́là lọ, àti pé àwọn tí ó ti da àdéhùn ju mílíọ̀nù 5 lọ. Ìjọba ní láti ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2025, òun yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí fi ipá gbà á.

Ní oṣù kìíní ọdún 2026, ìjọba tún kéde pé òun dá fífi ipá gbà á dúró ná, kí òun lè tún ètò sísan owó ṣe. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yẹn: dídúró. Dídúró kì í ṣe pípa rẹ́. Àwọn tí ó sùn sórí ìdúró ti ọdún 2020 ni ọ̀rọ̀ ọdún 2025 jí lójijì.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀lẹ ni gbogbo àwọn tí ó jẹ gbèsè náà. Ó ní àwọn tí àìsàn mú kí wọ́n tó parí ẹ̀kọ́. Wọ́n jẹ gbèsè, wọn kò sì ní ìwé ẹ̀rí. Ó ní àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ tàn jẹ. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ńlá kan wà, Corinthian Colleges, tí ó wó lulẹ̀ ní ọdún 2015 lẹ́yìn tí a rí i pé ó ti parọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ tí wọn yóò rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kọ̀wé, wọ́n fi ẹjọ́ sun, wọn kò dákẹ́. Ní ọdún 2022, ìjọba pa gbèsè rẹ́ fún ènìyàn tó 560,000 lára wọn. Bí wọ́n bá ti sá pamọ́ ni, ta ni ìbá gbọ́?

Kí ni òótọ́, kí ni kì í ṣe òótọ́?

Ìyá bèèrè bóyá wọn yóò ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé. Rárá. Òfin Amẹ́ríkà kì í ti ènìyàn mọ́lé nítorí pé ó jẹ gbèsè ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí kóòtù bá pè é tí kò jẹ́ ìpè, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Nítorí náà, ìwé kóòtù kò ṣe é sọ nù.

Ìyá bèèrè bóyá wọn yóò wá gba ilẹ̀. Rárá. Ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ni ó jẹ gbèsè. Bàbá àti ìyá tí ó wà ní abúlé, tí kò fọwọ́ sí nǹkan kan, kò jẹ ìjọba Amẹ́ríkà ní kọ́bọ̀.

Bí ọmọ náà bá kú ńkọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí i. Ṣùgbọ́n òfin ní bí ẹni tí ó yá owó yìí lọ́wọ́ ìjọba bá kú, gbèsè náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ará ilé kì í jogún rẹ̀. Ẹni tí àìsàn tàbí jàǹbá bá sọ di aláìlè-ṣiṣẹ́ mọ́ títí ayé náà lè bèèrè kí wọ́n pa tirẹ̀ rẹ́.

Gbèsè tí ìjọba fúnra rẹ̀ yáni ni a ń sọ o. Èyí tí ènìyàn bá yá lọ́wọ́ báǹkì, àdéhùn ti báǹkì náà ni kí ó kà.

Ọ̀nà wo ni ó wà láti jáde?

Ọ̀nà wà. Ṣùgbọ́n inú ìwé tí a kò ṣí ni ọ̀nà náà wà.

Kí ìjọba tó fọwọ́ kan owó oṣù ẹnikẹ́ni nítorí gbèsè yìí, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí i ní 30 ọjọ́ ṣáájú. Láàárín 30 ọjọ́ yẹn, ènìyàn lè ṣe ohun mẹ́ta. Ó lè bèèrè ìwé tí ó fi hàn pé òun jẹ gbèsè náà lóòótọ́. Ó lè bá wọn ṣe àdéhùn bí yóò ti máa san án. Ó sì lè ní kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ òun: bóyá iye owó náà kò tọ̀nà, bóyá mímú owó náà yóò jẹ́ kí ebi pa òun àti àwọn ọmọ òun. Bí ó bá bèèrè bẹ́ẹ̀ kí 30 ọjọ́ tó pé, wọn kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mú owó náà títí wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ṣí ìwé, tí 30 ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹ̀tọ́ yẹn nù.

Ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí ó ti da àdéhùn. Kí ó san ìgbà mẹ́sàn-án láàárín oṣù mẹ́wàá tí ó tẹ̀ léra. Owó tí ń wọlé fún un ni wọ́n fi ń ṣírò iye tí yóò san. Ní ọdún 2025, ó lè kéré tó dọ́là 5 lóṣù fún ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kéré gan-an. Bí ó bá san án pé, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn tí ó da àdéhùn. Gbèsè kò tíì tán, ṣùgbọ́n ó ti padà di ẹni tí ń san díẹ̀díẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn gbájúẹ̀. Ibi tí ẹ̀rù bá wà ni wọ́n ń pa àgọ́ sí. Wọn yóò pe ajigbèsè lórí fóònù, wọn yóò ní: "Fún wa ní dọ́là báyìí, a ó bá ọ pa gbèsè rẹ rẹ́." Irọ́ ni. Bíbá ìjọba sọ̀rọ̀ lórí gbèsè yìí kò gba owó. Ẹni tí ó bá ní kí a san owó kí òun tó bá ìjọba sọ̀rọ̀ fún wa, kí a sá fún un.

Kí ni àwa tí a wà nílé lè ṣe?

Ohun kìíní: bí ọmọ tí ó wà lókè òkun bá dákẹ́ lójijì, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bú u. Ẹ má ṣe wí pé ó ti gbàgbé ilé. Ìtìjú lè ti ì mọ́lé ju ọlọ́pàá lọ.

Ohun kejì: fún oṣù mẹ́wàá tí ó fi ń san gbèsè náà, ẹ jẹ́ kí ó mí. Bí a bá ń béèrè owó sìmẹ́ńtì àti owó ìnáwó lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù, àwa náà ń bá olówó fa á ni. Ilé tí a kò kọ́ lọ́dún yìí, a lè kọ́ ọ lọ́dún tí ń bọ̀.

Ohun kẹta: ẹ̀kọ́ fún àwa fúnra wa. Kí a tó tẹ ìka tàbí kí a tó kọ orúkọ wa sí abẹ́ ìwé èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ ti ẹgbẹ́ òwú, ìbáà jẹ́ ti àjọ tí ń yáni lówó, ẹ jẹ́ kí a kà á. Kí a wá iye owó náà. Kí a wá èlé rẹ̀. Kí a wá ọjọ́ tí a ó san án, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ bá kọjá. Bí a kò bá rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a má ṣe tẹ ìka. Bí ìwé olówó bá sì dé, kí a ṣí i lọ́jọ́ tí ó dé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ìyá wa. Kò mọ òfin Amẹ́ríkà. Kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ìwé náà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó lè sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ó lè sọ pé: "Ọmọ mi, dákẹ́ ẹkún. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ṣí ìwé kìíní. Kà á sí mi létí. Kí ni ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀?"

Bí ọmọ bá ti ka ọjọ́ náà jáde lẹ́nu, yóò mọ iye ọjọ́ tí ó kù nínú 30. Ìgbà náà ni wọn yóò lè ṣí ìwé kejì.

Àwọn ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé

1. Ọjọ́ mélòó ni ìjọba gbọ́dọ̀ fún ajigbèsè kí ó tó fọwọ́ kan owó oṣù rẹ̀?
2. Nínú 400 dọ́là tí ó kù lẹ́yìn owó orí, dọ́là mélòó ni wọ́n lè mú?
3. Báwo ni èlé gbèsè ilé ẹ̀kọ́ ṣe jọ iṣẹ́ ìwọ̀fà? Ẹ bi àwọn àgbà léèrè.
4. Ohun mẹ́rin wo ni kí a wá nínú ìwé kí a tó fọwọ́ sí i?

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ire o.